Mo Gbé Kámẹ́rà Lọ Wo Ojú Bàbá Mi ní Agége

Mo kírun àsùbáà tán, mo gbé báàgì kámẹ́rà kọ́ èjìká, ọkọ mi sì fi ọ̀kadà gbé mi kúrò nílé wa ní Akínyẹlé kí ilẹ̀ tó mọ́. Òtútù mú díẹ̀, àwọn alákàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáná lẹ́bàá títì. Ọkàn mi ò balẹ̀, òun náà sì mọ̀. Nígbà tí a dé ibùdókọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà, ó ní kí n kí Bàbá, kí n sì má lọ sunkún níwájú wọn. Mo ní mi ò ní sunkún.

Kí n tó máa bá ìrìn àjò náà lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dìde. Ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni bàbá mi, iṣẹ́ pákó ló sì ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nǹkan funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, bí ìgbà tí èémí bá bo dígí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Sìdí, tó ń gbé ní Agége, mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkẹjà. Wọ́n ní tí ìyẹn bá ti jinná, àwọn á ṣe tòsì. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Àǹtí Sìdí pè mí. Ó ní Bàbá sọ pé òun ò ríran, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojú òsì òun, pé kí wọ́n mú òun padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó kí òun lọ jókòó sínú òkùnkùn òun. Ó ní, "Mùínátù, ó dà bíi pé iṣẹ́ abẹ yẹn ò jẹ́ o. Máa bọ̀."

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe, ẹ mọ̀ mí mọ́ ọn: ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ń tẹ́ ara mi lọ́rùn ni yíya ojú ọ̀run lóru. Mo máa ń gbé kámẹ́rà kalẹ̀, á máa ya fọ́tò kan tẹ̀lé òmíràn fúnra rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, lẹ́yìn náà ni màá so gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí òru kan yóò fi kọjá lójú èèyàn láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo ní ẹ̀rọ kékeré kan pẹ̀lú tó ń yí kámẹ́rà díẹ̀díẹ̀ láti tẹ̀lé àwọn ìràwọ̀. Tí mo bá lò ó, àwọn ìràwọ̀ á dúró sójú kan, ilẹ̀ ni ẹ ó rí tó ń yí, torí pé lóòótọ́, ilẹ̀ ayé ló ń yí. Mo ti ròyìn rẹ̀ fún Bàbá nígbà tí ojú rẹ̀ ti ṣú. Ó ní ọjọ́ tí ojú òun bá là, ìyẹn ni kí n kọ́kọ́ fi han òun. Ìdí rèé tí mo fi gbé ẹrù kámẹ́rà dání lọ sí ibi tí wọ́n ti pè mí fún àìsàn.

Owó ọkọ̀ ojú irin jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹgbẹ̀ta náírà, wọ́n sì ní kí n fi káàdì ìdánimọ̀ hàn kí wọ́n tó jẹ́ kí n wọlé. Inú ọkọ̀ náà mọ́, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ débi pé mo fi ìborùn bo apá. Ẹnìkan ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ kiri, ó ń ta gálà àti ohun mímu, ṣùgbọ́n iye tó ń tà á mú kí n rántí pé Mùdáṣírù ọkọ mi ti di ẹ̀wà àti búrẹ́dì sínú báàgì mi. A kọjá Ọmí-Adió, a kọjá Abẹ́òkúta, igbó àti àpáta ń sáré sẹ́yìn. Obìnrin tó jókòó tì mí, tó ń lọ ra awọ ní Oko Ọba níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, bi mí bóyá ìgbéyàwó ni mò ń lọ yà. Mo ní ojú bàbá mi ni mò ń lọ wò. Ó ṣàdúà fún mi, ó sì fún mi ní ọsàn kan.

Láti Agbádó lọ, igbó tán. Ilé ló kù, páànù òrùlé tó ti dípẹtà, wọ́n so mọ́ra bí ẹni pé ọ̀kan ló ń gbé èkejì dúró. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ ní Agége, ooru kọlù mí. Ní ọ̀dọ̀ wa, tí ẹ bá bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ ó kí ẹni tó wà nítòsí kí ẹ tó béèrè ọ̀nà. Níbẹ̀, mo kí ọkùnrin kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó ní, "Ibo?" Mo tún kí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá dáhùn, ó ní èmi kì í ṣe ará Èkó. Kòròpẹ̀ ni mo padà wọ̀, ìyẹn ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n fún èèyàn mẹ́fà tàbí méje sí, tí orúnkún yín á fi máa kan ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú. A kọjá ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe bisikíìtì, òórùn ṣúgà gbígbóná gba gbogbo àdúgbò. Kò pẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi yí, òórùn egungun àti awọ láti Oko Ọba ló kàn. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ò tilẹ̀ fura sí ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ilé alájà mẹ́ta ni Àǹtí Sìdí ń gbé, ní àdúgbò kan tí ògiri ilé iṣẹ́ àti ògiri ilé gbígbé ti ń forí kanra. Ó dì mọ́ mi lẹ́nu géètì, kò jẹ́ kí n rí ojú òun. Yàrá tí Bàbá wà kò fẹ̀, fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ kọjú sí ògiri ilé kejì. Tí ẹ bá na ọwọ́, ẹ ó kàn án. Bàbá jókòó sórí ibùsùn, ó fọwọ́ bo ojú òsì. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó fọwọ́ wá orí mi, ó ní, "Ohùn Mùínátù nìyí." Kò sọ pé òun rí mi.

Àǹtí Sìdí ti se ìkọ́kọrẹ́ nítorí tiwa méjèèjì. Bàbá tẹ ìka bọ inú àwo, ó ń wá eegun ẹja. Ó jẹ òkèlè díẹ̀, ó sì ti àwo náà sẹ́yìn, ó ní òun ò fẹ́ kí eegun há òun lọ́fun nítorí oúnjẹ tí òun ò rí. Nígbà tó ṣe, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo gbé e lé orí itan rẹ̀, mo sì fi fọ́tò ojú ọ̀run tí mo yà ní àpáta kan lọ́nà Ìsẹ́yìn hàn án. Ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Ó wá ní ìmọ́lẹ̀ ni òun rí, bí èéfín, pé kí n gbé e kúrò. Ó ní, "Ẹ ti ṣe tiyín, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé." Àǹtí Sìdí bọ́ síta. Èmi tí mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sunkún, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti lọ sunkún; ìdajì ìlérí náà ni mo mú ṣẹ.

Òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Oṣù kẹrin ni, òjò tuntun ni, ó rọ̀ gan-an. Nígbà tó dá, eruku àti èéfín tó máa ń bo ojú ọ̀run Agége ti wálẹ̀. Mo yọjú síta, mo rí ìràwọ̀ kan láàárín ilé méjì, lẹ́yìn náà mo rí òmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Akínyẹlé ò ní mọ iye tí ìyẹn jẹ́. Ìràwọ̀ dà bí iyẹ̀pẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Mi ò lè jókòó sínú yàrá yẹn mọ́. Mo lọ bẹ onílé kó jẹ́ kí n gun òkè ilé, níbi tí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ pẹrẹsẹ tí táńkì omi wà.

Bàbá Fẹ́mi ni wọ́n ń pe onílé náà, ará Èkìtì tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà òkè wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Ó wo kámẹ́rà, ó wo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo fẹ́ gbé e lé.

Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ yà lókè ilé mi?"

Mo ní bí ilẹ̀ ṣe ń yí ni mo fẹ́ yà.

Ó wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ògiri. "Màdáàmù, ilé mi ò yẹ̀ o. Àwọn ìjọba ti wá wò ó, wọ́n sì fọwọ́ sí i."

Mo yára ṣàlàyé pé kì í ṣe ilé tirẹ̀, gbogbo ayé ni. Ó ní òun ti kà á níléèwé, ṣùgbọ́n òun ò mọ̀ pé èèyàn lè yà á láti Agége. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi, ó sì ní òun náà á jókòó tì mí, kí àwọn aládùúgbò má bàa rò pé mò ń ya inú ilé wọn.

Mo gbé kámẹ́rà kalẹ̀, mo kọjú rẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, sí ìhà Abúlé Ẹ̀gbá, níbi tí ìràwọ̀ mẹ́ta kan tò lẹ́sẹ̀ kan ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Mo fi kọ́ńpáàsì inú fóònù wá àríwá, mo to ẹ̀rọ kékeré náà, mo sì jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Iná ilé iṣẹ́ ń tàn yí wa ká, jẹnẹrétọ̀ ń kù lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ̀ òfuurufú ń kọjá lórí wa lọ sí pápákọ̀ Ìkẹjà, ó sún mọ́lẹ̀ débi pé àyà mi ń gbọ̀n. Mo mọ̀ pé fọ́tò náà ò ní mọ́ bíi ti ojú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo nílò ohun tí ọwọ́ mi á ṣe.

Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Iná ti lọ, fáànù ti dúró, Bàbá sì ní ooru yàrá yẹn fẹ́ pa òun. Àǹtí Sìdí dì í lápá mú, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Fẹ́mi dìde fún un lórí àga. Ṣùgbọ́n Bàbá ò jókòó. Ó dúró, ó gbé orí sókè, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bùbá ọrùn rẹ̀.

Ó ní, "Mùínátù, kí ni pupa tó ń tàn tó ń kú lọ́hùn-ún yẹn?"

Mo rò pé jẹnẹrétọ̀ ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa. Mo ní ewo ni. Ó na ọwọ́ sí ìhà Ìkẹjà. Èmi tí ojú mi kò dùn mí, mo ní láti wá a kí n tó rí i: iná pupa tí wọ́n gbé sórí òpó gíga kan, kí ọkọ̀ òfuurufú má bàa kọlù ú. Láti ọ̀dọ̀ wa, kò tóbi ju ẹnu ìṣáná lọ.

Àǹtí Sìdí tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ nígbà tó bi í pé kí ló tún rí. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, ó sì yí sí ibi tí kámẹ́rà mi kọjú sí.

"Àwọn kan tò síbẹ̀ yẹn. Mẹ́ta ni wọ́n. Ìràwọ̀ ni, àbí iná ilé?"

Mo ní ìràwọ̀ ni, Bàbá. Ìràwọ̀ ni wọ́n.

Àǹtí Sìdí jókòó sórí kọnkéré tó ṣì tutù fún òjò, ó fi ìborùn bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọkọ̀ òfuurufú mìíràn dé, Bàbá sì ń yí orí tẹ̀lé iná rẹ̀ títí ó fi wọlẹ̀ sẹ́yìn àwọn ilé. Inú rẹ̀ ò tíì dùn nígbà náà. Ẹ̀rù ló bà á. Ó ń bi wá léraléra pé irú ojú wo ni ojú tí kò rí eegun ẹja nínú àwo, tó wá ń rí ìràwọ̀. Bàbá Fẹ́mi ní kó ṣáà jókòó, kó máa wò ó lọ. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀ títí àwọn ìràwọ̀ mẹ́ta náà fi wọ̀, kámẹ́rà ń ya tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń rántí rẹ̀.

Ní òwúrọ̀, a ò dúró de ọjọ́ tí ilé ìwòsàn dá fún wa. A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkẹjà. Dókítà obìnrin kan, ọmọdébìnrin tí kò tíì ju ọmọ mi àgbà lọ púpọ̀ lójú, fi iná wo ojú Bàbá, ó ní kó ka àwọn lẹ́tà tó wà lára ògiri ọ̀ọ́kán. Bàbá kà wọ́n dé ìlà tó kéré gan-an. Dókítà ní ojú náà ti jinná dáadáa. Ó ní lẹ́ńsì tí wọ́n fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́, òkèèrè ló wà fún. Ohun tó bá sún mọ́ Bàbá á máa ṣe bàìbàì títí tó fi máa lo awò ojú. Ó ní ọjọ́ tó tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ, ojú ṣì wú, wọn ò lè mọ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe ní ká padà wá. Gbogbo ìgbà yẹn, Bàbá wà nínú yàrá tí kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó jìnnà síni ju ẹsẹ̀ mẹ́rin lọ. Kò sí ibi tí ojú tuntun náà á ti fi ara rẹ̀ hàn án.

Wọ́n gbé awò kan sí i lójú kó fi dánwò. Mo rò pé ìwé tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ni yóò kọ́kọ́ wò. Èmi tí mo jókòó tì í ló yíjú sí. Ó wò mí pẹ́, láti orí dé àgbọ̀n.

Ó ní, "Mùínátù, ìgbà wo ni irun rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hewú?"

Mo fọwọ́ ti irun náà padà sábẹ́ ìbòrí. Mo ní ó ti pẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Kò sí ẹni tó sọ fún mi," ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ṣú.

Ní alẹ́, mo so àwọn fọ́tò náà pọ̀, mo sì fi hàn wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ Àǹtí Sìdí. Bàbá Fẹ́mi wá wò ó pẹ̀lú. Fọ́tò náà ò dára tó bí mo ṣe fẹ́: iná ilé iṣẹ́ ti sọ ojú ọ̀run di pupa rúsúrúsú, àwọn ọkọ̀ òfuurufú sì ti fa ìlà sí i lára. Ṣùgbọ́n àwọn ìràwọ̀ mẹ́ta dúró ṣinṣin sójú kan, ilẹ̀ ló sì ń gbéra bọ̀. Òrùlé, táńkì omi, òpó iná, gbogbo ìhà Abúlé Ẹ̀gbá dìde láti ìsàlẹ̀ bí àwo tí wọ́n gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gòkè, ó ń gòkè, títí ó fi bo ìràwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá di apá àga mú. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe.

"Ṣé àwa náà wà lórí ohun tó ń yí yìí?"

"A wà lórí rẹ̀, Bàbá."

Ó ronú sí i. "A ò sì ṣubú," ló sọ, bí ẹni tó ń dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Àǹtí Sìdí, ó ní kó sọ fún dókítà obìnrin yẹn pé kó mú ọjọ́ fún ojú òsì. Kò sí ẹni tó tún bẹ̀ ẹ́. Ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ tó kù lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fi awò tí a rà nílé ìwòsàn ṣa eegun ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì kánjú.

Lọ́jọ́ kejì ni mo padà. Bàbá ní òun á sìn mí dé ibùdókọ̀ ojú irin, Àǹtí Sìdí sì bá wa lọ. Wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì wọlé, nítorí náà ẹ̀yìn ọgbà irin ni wọ́n dúró sí. Èrò pọ̀. Mo sùn láti Agbádó dé Ọmí-Adió, mi ò mọ ìgbà tí a kọjá Abẹ́òkúta. Ọkọ mi ti ń dúró ní Mọ́níyà. Nígbà tí a délé, tí mo fi omi tútù bọ́jú tán, mo jókòó síwájú ilé, ó sì rọ̀ mí lára bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìrìn àjò yìí kò ṣòro láti sọ: a ti fẹ́ ka ojú tó sàn kún ojú tó fọ́, nítorí pé yàrá ni a fi í sí. Láti ìsinsìnyí lọ, tí nǹkan bá dà bíi pé kò ṣiṣẹ́, màá kọ́kọ́ gbé e lọ sí gbangba.

Ọkọ mi bi mí pé ojú Bàbá ńkọ́. Mo sọ ohun tí Àǹtí Sìdí pè mí sọ lórí fóònù nígbà tí mo wà nínú ọkọ̀ fún un. Àǹtí Sìdí ní nígbà tí mo ti wọlé, tí òun ń na ọrùn láàárín èrò, tí òun ń sọ pé òun ò rí mi mọ́, Bàbá ti ń juwọ́ sí mi ní tirẹ̀. Bàbá ní, "Òun nìyẹn, lẹ́bàá òpó kẹta. Ó ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì nínú báàgì."